Ẹ̀rọ àti Ìrònú Akẹ́kọ̀ọ́: Ohun tí Mo Rí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìlú ní Amẹ́ríkà

Láti ìgbà tí mo ti padà wá sílé ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àti àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama tí a jọ máa ń pàdé níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa, ti ń bi mí ní ìbéèrè kan náà: ǹjẹ́ àwọn ẹ̀rọ tó gbòde yìí ń ba ọpọlọ àwọn ọmọ wa jẹ́ ni, tàbí wọ́n ń tún un ṣe? Mo ti kíyè sí i pé ẹni tó bá bèèrè irú ọ̀rọ̀ báyìí ti ní ìdáhùn tirẹ̀ lọ́kàn kí ó tó la ẹnu. Bí ó bá jẹ́ olùkọ́, yóò ti máa rántí àròkọ kan tí ó gbà lọ́wọ́ ọmọ tí kò lè sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, yóò ti máa rántí òru ọjọ́ tí ìwé tí ó ń wá kò sí ní ilé-ìkàwé, tí ó jẹ́ pé fóònù ọwọ́ rẹ̀ ni ó yọ ọ́. Èmi kò ní ìdáhùn oníkúkúrú. Ohun tí mo ní ni ọdún mẹ́ta tí mo fi kọ́ni ní Amẹ́ríkà, nígbà tí mo ń ṣe iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé lọ́wọ́, ní irú ilé-ẹ̀kọ́ kan tí a kò ní irú rẹ̀ gan-an ní ilẹ̀ wa. Mo gbà pé níbẹ̀ ni a ti lè rí ọ̀rọ̀ yìí kedere, nítorí níbẹ̀ ni ẹ̀rọ olówó iyebíye àti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan ti ń pàdé lójoojúmọ́.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe irú ilé-ẹ̀kọ́ náà ní community college. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú ni èmi yóò máa pè é. Èyí tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tí ìjọba ní tí ó sì wà títí di òní ni ti ìlú Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1901 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré. Ní ọdún 1947, ìgbìmọ̀ kan tí Ààrẹ Truman yàn dábàá pé kí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tàn ká gbogbo ilẹ̀ náà, kí ó wà nítòsí ilé àwọn ènìyàn, kí owó rẹ̀ má sì ju agbára wọn lọ. Lónìí wọ́n tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan. Ọdún méjì ni ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ẹni tó bá parí rẹ̀ lè wọ yunifásítì láti ìdajì ọ̀nà, tàbí kí ó gba ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́, ìbáà ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ iná mànàmáná, tàbí títún ọkọ̀ ṣe. Ohun tí ó mú un yàtọ̀ jù lọ ni pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀: ẹnikẹ́ni tó bá ti jáde ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọn kì í lé e padà nítorí pé máàkì rẹ̀ kéré. Nítorí náà, nínú kíláàsì kan ṣoṣo, mo ní ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ó jókòó ti ìyá tí ó ti ní ọmọ-ọmọ. Mo ní sójà tí ó ti fẹ̀yìntì. Mo sì ní àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ èdè kẹta lẹ́nu wọn. Púpọ̀ nínú wọn ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, àwọn mìíràn sì ń sáré lọ sí ibi iṣẹ́ bí mo bá ti parí ọ̀rọ̀.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí à ń pè ní ẹ̀rọ. Ohun tó bá dé lẹ́yìn tí ènìyàn ti dàgbà ni ó máa ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹfun àti pátákó dúdú kì í ṣe ẹ̀rọ lójú wa mọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé àti gègé. Síbẹ̀, ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe láti ran ìrántí àti ìrònú lọ́wọ́ ni gbogbo wọn. Àwọn baba wa ní tiwọn. Owó ẹyọ méjì tí a so pọ̀ ní ojúkojú, tí a fi rán ọmọdé sí ẹni tó wà lọ́nà jíjìn, ọ̀rọ̀ ìrẹ́pọ̀ ni. Bí a bá so wọ́n ní ẹ̀yìn-kẹ́yìn, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ọmọ tí a rán kò ní láti mọ ohun tí ó gbé dání. Ìbẹ̀rù pé irú nǹkan báyìí yóò sọ ènìyàn di agbàgbéra kì í sì í ṣe tòní. Nínú ìwé tí Plato kọ ní ilẹ̀ Gíríìkì, tí à ń pè ní Phaedrus, ni Socrates ti ń ṣàròyé pé ìwé kíkọ yóò mú kí àwọn ènìyàn gbàgbé nǹkan, nítorí wọn yóò gbẹ́kẹ̀ lé àmì tó wà lóde, wọn kò ní wo inú ara wọn mọ́. Ẹ kíyè sí i pé inú ìwé ni a ti kà á pé ó sọ bẹ́ẹ̀.

Kọ̀ǹpútà kọ́ ni ẹ̀rọ tí ó kọ́kọ́ ru kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú sókè. Ní ọdún 1956, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú ti Chicago bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì sọ ọ́ ní TV College. Kì í ṣe ìran wíwò lásán o. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò forúkọ sílẹ̀, yóò ra ìwé, yóò jókòó síwájú ẹ̀rọ ní wákàtí tí wọ́n dá, yóò kọ iṣẹ́ rẹ̀, yóò fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́, lẹ́yìn náà yóò wá fúnra rẹ̀ jókòó ṣe ìdánwò. Ẹni tó bá ní sùúrù lè gba oyè ọdún méjì náà pátá lọ́nà bẹ́ẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ abiyamọ tí kò lè fi ọmọ sílẹ̀ nílé lọ sí kíláàsì. Nígbà tí wọ́n fi èsì ìdánwò wọn wé ti àwọn tí ń jókòó lójú olùkọ́, wọn kò rẹ̀yìn rárá. Àwa náà kò pẹ́ lẹ́yìn wọn: ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959 ni ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ẹ̀kọ́ fún àwọn ilé-ìwé sì wà lára ohun tí ó ń gbé jáde.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wé ohun tí wọ́n rí ní ìpínlẹ̀ Washington, ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dé. Di Xu àti Shanna Smith Jaggars, tí wọ́n jẹ́ olùwádìí ní Yunifásítì Columbia, gbé àkọsílẹ̀ àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlú ìpínlẹ̀ náà yẹ̀ wò: akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lé ní 40,000, àti ẹ̀kọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀ fún tí ó sún mọ́ 500,000. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2014 ni pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń rẹ̀yìn nínú ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ju bí wọ́n ti ń ṣe nínú kíláàsì ojúkojú lọ. Kò sì dọ́gba. Ọkùnrin rẹ̀yìn ju obìnrin lọ, ọ̀dọ́ rẹ̀yìn ju àgbà lọ, àwọn adúláwọ̀ rẹ̀yìn ju àwọn mìíràn lọ, ẹni tí máàkì rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀ sì rẹ̀yìn ju ẹni tó ti ń ṣe dáadáa lọ. Ohun tí wọ́n ṣe kí ilẹ̀kùn lè gbòòrò sí i fún ẹni tó wà lẹ́yìn, ẹni tó wà lẹ́yìn náà ni ó tún tì sẹ́yìn.

Kí ló dé tí tẹlifíṣọ̀n ọdún 1956 fi ṣe ohun tí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe? Apá kan rẹ̀ ni pé àwọn ènìyàn náà yàtọ̀: àgbàlagbà ni àwọn abiyamọ Chicago, wọ́n sì mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ṣùgbọ́n mo rò pé ọ̀rọ̀ àkókò wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Tẹlifíṣọ̀n ń pe ènìyàn bí agogo ilé-ìwé. Bí aago kan bá lù, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ pàdánù rẹ̀. Gbogbo ará ilé ni yóò sì mọ̀ pé ìyá ń kàwé lọ́wọ́. Íntánẹ́ẹ̀tì kò pe ẹnikẹ́ni. Nígbàkigbà ni ó ń sọ. Fún ẹni tó ní iṣẹ́ méjì àti ọmọ mẹ́ta, nígbàkigbà túmọ̀ sí ọ̀gànjọ́ òru, lẹ́yìn tí ó ti fi gbogbo agbára ọjọ́ náà fún ẹlòmíràn. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé ń jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́bàá ilé-ìkàwé tí wọ́n ti tì, kí fóònù wọn lè máa rí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń jáde láti inú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò lórí ìjókòó ọkọ̀, pẹ̀lú ojú fóònù tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, kò yẹ kí a fi í wé ẹni tó jókòó nídìí tábìlì kí a sì sọ pé ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n lò.

Ó tó àkókò kí a wọ inú ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2011, Betsy Sparrow, Jenny Liu àti Daniel Wegner tẹ ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Science. Wọ́n ní kí àwọn ènìyàn tẹ àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké kan sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé kọ̀ǹpútà yóò tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì sọ fún àwọn mìíràn pé yóò pa á rẹ́. Àwọn tí wọ́n gbà pé ẹ̀rọ ti tọ́jú rẹ̀ kò rántí tó àwọn yòókù. Ó tún hàn pé wọ́n máa ń rántí ibi tí nǹkan wà ju nǹkan náà fúnra rẹ̀ lọ. Kì í ṣe ọ̀lẹ ni èyí. Ọpọlọ ń ṣe ìṣirò ni, kò fẹ́ ru ẹrù tí ẹlòmíràn ti bá a rù. Bẹ́ẹ̀ náà ni à ń ṣe nínú agbo ilé wa, láìsí kọ̀ǹpútà kankan. Bí ìyá àgbà kan bá wà tó mọ oríkì gbogbo ọmọ ilé láti orí baba ńlá wá, ta ni ń jókòó tì í kọ́ ọ? Gbogbo wa gbà pé ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí a bá sin ín ni a ó tó mọ iye ohun tí a kò mọ̀. Ní ilé tèmi, ó ti ṣẹlẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tí a lè dá lẹ́bi.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n mọ̀ bí a ti ń mú nǹkan dúró lọ́kàn, àwọn ni babaláwo. Igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni odù Ifá, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ rẹ̀ tí kò lóǹkà, ọmọ awo sì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀nà wo ni wọ́n ń gbà? Ọ̀gá yóò kì í, ọmọ awo yóò tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ọ̀gá yóò dákẹ́, ọmọ awo yóò sì dá a kì, bí ó bá ṣì í, wọn yóò tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe gbígbọ́ ni ó ń mú un dúró bí kò ṣe dídá a sọ. Nígbà tí mo wà ní Amẹ́ríkà ni mo tó rí i pé àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ti wọn ọ̀rọ̀ yìí wò. Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ní ọdún 2006, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìwé kúkúrú kan kà. Àwọn kan tún un kà; àwọn mìíràn pa ìwé dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, àwọn tó tún un kà ni wọ́n mọ̀ ọ́n jù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà pátápátá: àwọn tó pa ìwé dé ni wọ́n ṣì rántí rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú kíláàsì mi ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí wọ́n pa ẹ̀rọ, kí wọ́n kọ ohun tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n kórìíra rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn kí n máa fi àwòrán tó dára hàn wọ́n lára ògiri, nítorí pé bí a bá ti ń wo nǹkan tó tò dáadáa ni ó ń ṣe wá bí ẹni pé a ti mọ̀ ọ́n. Ẹ̀tàn ibẹ̀ nìyẹn, ó sì ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Lórí ọ̀rọ̀ fífi ọwọ́ kọ̀wé àti fífi kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́, tí àwọn olùkọ́ máa ń jà lé lórí, n kò ní pẹ́. Ìwádìí tí Pam Mueller àti Daniel Oppenheimer gbé jáde ní ọdún 2014 sọ pé àwọn tó ń fi ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sílẹ̀ lóye rẹ̀ ju àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ, nítorí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ máa ń gba gbogbo ọ̀rọ̀ láìyan èyí tó ṣe pàtàkì. Nígbà tí àwọn mìíràn tún un ṣe ní ọdún 2019, ìyàtọ̀ náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìwádìí kan ṣoṣo gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ọmọ kò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dé ojú àmì.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ilé-iṣẹ́ OpenAI gbé ChatGPT jáde, láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di ńlá. Jẹ́ kí n sọ bí irú ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn wà bí ìwé ti ń wà nínú àpótí. Bí mo bá sọ pé, bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá ni yóò mọ ohun tó kù láti sọ. Kò rò ó. Etí rẹ̀ ni ó ti mọ ọ̀nà. Ẹ̀rọ náà ti ka ìwé tí ènìyàn kan kò lè kà tán ní ẹgbẹ̀rún ọdún, ohun tí ó sì ń ṣe ni pé ó ń ṣírò ọ̀rọ̀ tó ṣeé ṣe jù kí ó tẹ̀ lé èyí tó wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà òmíràn, lẹ́yìn náà òmíràn. Nítorí náà ni gbólóhùn rẹ̀ fi máa ń dán bí ojú omi, ìbáà jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́ ni ó ń sọ.

Ìwádìí tó yẹ kí gbogbo olùkọ́ mọ̀ lórí rẹ̀ ni èyí tí Hamsa Bastani àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní ilẹ̀ Tọ́kì, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ tó tó ẹgbẹ̀rún kan, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2025. Ìṣirò ni ẹ̀kọ́ náà. Àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀rọ náà bí ó ti wà fi ìdá 48 nínú 100 ta àwọn tí kò ní in yọ nígbà tí wọ́n ń ṣe ìgbìyànjú. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́ wọn tí ìdánwò dé, wọ́n fi ìdá 17 nínú 100 rẹ̀yìn sí àwọn tí kò fọwọ́ kàn án rí. Wọ́n fún ẹgbẹ́ kẹta ní ẹ̀rọ kan náà, ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ ti pàṣẹ fún un pé kó má ṣe sọ ìdáhùn, kí ó kàn máa tọ́ka ọ̀nà. Ìpalára náà fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lára àwọn wọ̀nyí. Ohun tó bà mí lẹ́rù jù nínú rẹ̀ ni pé àwọn tó rẹ̀yìn kò mọ̀ pé àwọn rẹ̀yìn. Ìrora ibi tí ìṣirò ti le ni ẹ̀kọ́ wà, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ sì bá wọn gbé kúrò.

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, ìdájọ́ ìbá rọrùn: kí a lé ẹ̀rọ jáde, kí a sì máa ṣọ́ ẹni tó bá mú un wọlé. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo wà ní kí a máa fi ẹ̀rọ mìíràn yẹ àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò, èyí tí yóò sọ bóyá ènìyàn ni ó kọ ọ́ tàbí ẹ̀rọ. Ìyá kan wà nínú kíláàsì mi, ọmọ Yorùbá láti agbègbè Òkè-Ògùn, tí ó ń tọ́jú àwọn arúgbó ní alaalẹ́ tí ó sì ń kàwé kí ó lè di nọ́ọ̀sì. Ó kọ àròkọ lórí bí ìyá rẹ̀ ti máa ń ṣe òrí tà. Gbólóhùn rẹ̀ gún régé. Ẹ̀rọ sọ pé ẹ̀rọ ni ó kọ ọ́. Mo ránṣẹ́ pè é sí ọ́fíìsì.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ tí à ń lò sọ pé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ kọ iṣẹ́ yìí.”

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, “Tíṣà, ẹ̀rọ wo? Ṣé òun ló bá mi jókòó nínú bọ́ọ̀sì ni?”

Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó sì mú ìwé ìkọ̀wé kan jáde, irú èyí tí a máa ń lò ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àròkọ náà wà níbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, tí ó fi bíírò kọ nínú bọ́ọ̀sì láàárín ibi iṣẹ́ àti ilé. Mo rí ibi tí ó ti fa ìlà pa odidi ojú-ìwé kan rẹ́. Mo rí ibi tí ó ti gbé ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ láti ìparí wá sí ìbẹ̀rẹ̀. Mo bi í léèrè ibi tí ó ti kọ́ irú Gẹ̀ẹ́sì tó gún báyìí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní olùkọ́ àwọn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kì í gba ìpínrọ̀ tí kò bá ní furthermore nínú, ẹgba ni.

Mo fọwọ́ kanlẹ̀. Ó yára ní, “Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, àwọn òyìnbó ń wò wá.”

Ní oṣù keje ọdún kan náà ni ìwádìí kan jáde láti Yunifásítì Stanford, tí Weixin Liang àti James Zou wà lára àwọn tó ṣe é. Wọ́n kó àròkọ 91 tí àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí wọn kọ nínú ìdánwò, wọ́n sì fi ẹ̀rọ ayẹ̀wò méje yẹ̀ wọ́n wò. Bí a bá pa èsì ẹ̀rọ méjèèje pọ̀, ó lé ní ìdajì àwọn àròkọ náà tí wọ́n ní ẹ̀rọ ló kọ ọ́; ìdá 61 nínú 100 ni. Lára àròkọ àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, wọn kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe àṣìṣe. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ohun tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò ń wò ni bí ọ̀rọ̀ kan ti rọrùn tó láti fojú sọ́nà fún lẹ́yìn èkejì. Ẹni tó ń kọ èdè tí ó kọ́ nínú ìwé máa ń rìn ní ojú ọ̀nà tó là. Kò ní ọ̀nà àbùjá tí ọmọ onílé mọ̀. Àwọn OpenAI fúnra wọn yọ ẹ̀rọ ayẹ̀wò tiwọn kúrò ní oṣù keje náà, nítorí pé kò mọ òótọ́ yàtọ̀ tó. Gbogbo ìmọ̀ yìí dé lẹ́yìn tí mo ti pe ẹ̀gbọ́n wá sí ọ́fíìsì.

Ọ̀rọ̀ kò sì parí síbẹ̀. Nígbà tí ó kọ àròkọ tó tẹ̀ lé e, mo rí àṣìṣe nínú rẹ̀, kì í ṣe ọ̀kan kì í ṣe méjì, irú àṣìṣe tí n kò rí lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mo rò pé àárẹ̀ ni. Mo ní kí ó jẹ́ kí n wo ìwé ìkọ̀wé rẹ̀. Nínú ìwé náà, gbogbo gbólóhùn tó dárú lórí kọ̀ǹpútà ni ó gún régé. Mo bi í pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ bà á jẹ́?”

Ó ní, “Kí ẹ̀rọ yín lè mọ̀ pé ènìyàn ni mí, Tíṣà.”

Mo fún un ní máàkì lórí ohun tó wà nínú ìwé ìkọ̀wé. Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì kò fàyè gba bẹ́ẹ̀, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé báwo ni ẹ̀rọ ti ń yí ìrònú padà, ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ṣáájú gbogbo ìwádìí. Nínú kíláàsì yẹn kan náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó jẹ́ pé òtítọ́ ni ẹ̀rọ bá a kọ ọ́. Ó jẹ́wọ́ kí n tó bèèrè tán. Iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe. Mo ní kí ó tún un kọ níwájú mi, ó sì ṣe é, kò dára, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. Kò bà mí lọ́kàn jẹ́ tó ti ẹni tó mọ̀ ọ́n kọ tí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ bà á jẹ́.

Àwa tí à ń kọ́ni ní Yorùbá ní ìṣòro tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì pẹ́ ju kọ̀ǹpútà lọ. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ tó wà ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà, débi pé ẹni tó bá tẹ Yorùbá tán yóò tún fi bíírò tọ gbogbo ojú-ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú ètò lẹ́tà gbogbo ayé, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní: a ní láti fi àmì ohùn lé ẹ lórí lọ́tọ̀, nǹkan méjì tí ó dúró bí ọ̀kan. Nítorí náà ni àmì náà fi máa ń ṣubú tàbí kí ó sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a bá gbé ọ̀rọ̀ láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa rí wàhálà yìí, wọ́n sì yọ àmì kúrò. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ ọdẹ, wọ́n ní ẹni tó bá kà á yóò mọ̀. Lóòótọ́, yóò mọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí wọ́n fi àmì sí i nínú kíláàsì, mo rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ni kò lè sọ ohùn tó wà lẹ́nu ara wọn mọ́.

Ibi tí wọ́n wá ń sá lọ báyìí ni ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ń kọ̀wé. Ó fi àmì sí gbogbo rẹ̀, ó sì lẹ́wà lójú. Ṣùgbọ́n ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ̀rọ náà ti kà pọ̀ bí iyanrìn òkun, ti Yorùbá kò sì tó nǹkan, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí ó sì kà ni kò ní àmì rárá. Nítorí náà ni ó fi máa ń fi ìgboyà kan náà kọ èyí tó tọ́ àti èyí tó wọ́. Ọmọ tí kò gbọ́ ohùn náà mọ́ kò ní mọ èyí tó yẹ kí ó kọ̀.

Ohun tí mo ń ṣe nínú kíláàsì mi nìyí, bóyá yóò wúlò fún ẹlòmíràn. Nínú kíláàsì ni wọ́n ti ń fi ọwọ́ kọ àkọ́kọ́, pẹ̀lú àmì, mo sì ń gba ìwé náà. Fún èkejì, mo gbà kí wọ́n lo ẹ̀rọ bí wọ́n bá fẹ́, ṣùgbọ́n wọn gbọ́dọ̀ fi ìlà sí abẹ́ gbogbo gbólóhùn tí wọ́n kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Ìdí náà ni mo ń fún ní máàkì. N kò lo ẹ̀rọ ayẹ̀wò kankan. Ní sáà tó kọjá, ẹ̀rọ bá ọmọkùnrin kan kọ ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ lọ́jọ́ tí ó ń kúrò nílé, ní gbólóhùn gígùn kan tí kò ní àbùkù. Ó fa ìlà sí i lábẹ́, ó sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: “Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ tó báyìí. Ó kàn ní kí n má pẹ́.”